Ilé Bàbá Àgbà Tó Kẹ̀yìn sí Káábà

Bàbá àgbà mi máa ń lá òkúta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti já òkúta tuntun sílẹ̀ níbi iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀, á mú ọ̀kan, á fi ahọ́n kàn án, á dijú bí obìnrin tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, á wá ní, "Èyí kò tíì jinná." Àwọn Lárúbáwá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ rò pé ebi ló ń pa á. Ọ̀kan nínú wọn sáré lọ bu dàbínù wá fún un. Bàbá jẹ dàbínù náà tán, ó dúpẹ́, ó sì tún lá òkúta lé e.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní Jẹ́dà láàárín àwọn ọdún 1950 tí mò ń sọ yìí, inú òkun ni wọ́n ti ń gé òkúta ìkọ́lé. Ó funfun, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, ó fúyẹ́, ayùn sì lè là á bí ẹni la iṣu. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kún inú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi kọ́lé kí oòrùn tó fa iyọ̀ náà jáde, ògiri á máa làágùn, ẹfun ara rẹ̀ á sì máa ṣí bí èépá. Bàbá nìkan ló ń fi ẹnu mọ èyí tó ti tó kọ́lé. Èmi náà lá a rí, ètè mi bó fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá wò mí, ó ní, "Ahọ́n tí kò gba iyọ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ́lé fún un."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èébú ni tàbí àdúrà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Èmi náà ti dàgbà ju bó ṣe wà lọ nígbà tó lọ, síbẹ̀ mo ṣì ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bí ẹni tú ẹrù tí ọlọ́jà gbàgbé. Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú tí wọn kì í kọ orúkọ sí, mi ò sì lè fìka tọ́ka sí ojú oórì rẹ̀. Ilé rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà ti gba ibẹ̀ kọjá. Yunifásítì ńlá ló wà ládùúgbò náà nísinsìnyí. Mo lọ wò ó lọ́dún kan, mo dúró láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mò ń yí bí òòyì. Ọmọkùnrin kan di apá mi mú, ó ní, "Yáá Hájì, kí lẹ ń wá?" Mo ní ilé ni mò ń wá. Ó ní, "Ilé ta?"

Nítorí náà, kí n sọ ti ilé náà kí n tó gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó kọ́ ọ.

Ìlú tó ti wá gan-an ń dàrú mọ́ mi lójú. Tó bá wà lọ́dọ̀ ará Ìlọrin, ọmọ Ìlọrin ni. Tó bá pàdé ará Ìwó, ó di ọmọ Ìwó. Lọ́jọ́ kan, arìnrìnàjò kan dé láti Ọ̀fà, Bàbá dì mọ́ ọn, ó sunkún, ó ń pè é ní ọmọ ìyá. Ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Àlàájì," ló wí, "ìyá mélòó ló bí yín gan-an?"

Bàbá nu ojú. "Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kà, gbogbo ìlú tó sùn sí ló bí i."

Lóòótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó gba Kánò, ó gba Bọ̀nú, ó gba ilẹ̀ Súdáànì, ó ń ro oko olóko jẹun lójú ọ̀nà títí ó fi dé etí Òkun Pupa. Ó ní ní Súdáànì, kìnnìún kan tẹ̀ lé wọn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Bí wọ́n bá dúró kírun, kìnnìún á dúró. Bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, ọlọ́kọ̀ ní òun kì í gbé ẹni tí kò ní ìwé. Kìnnìún wo òkun, ó wo Bàbá, omi dé sí i lójú, ó yí padà. Mo gba ìtàn yìí gbọ́ títí mo fi hu irùngbọ̀n. Ọjọ́ tí n kò gbà á gbọ́ mọ́, mo bi í pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà ní ìwé nígbà yẹn ni?"

Ó wò mí títí. "Rárá. Ṣùgbọ́n èmi kò ní ìrù."

Kàràntínà ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà gúúsù Jẹ́dà, níbi táwa èèyàn dúdú pọ̀ sí. Yorùbá nínú ilé, Lárúbáwá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí Bàbá bá pè mí, tí mo fi Lárúbáwá dá a lóhùn, adití ló máa dà títí n ó fi yí i sí Yorùbá. Wọ́n rán mi lọ sílé kéwú, mo sì jáde kí kéwú tó ráyè wọlé. Inú ahéré onípáànù la ń gbé, ooru rẹ̀ lè dín ẹyin. Bàbá á jí láti ibẹ̀, á lọ kọ́ ilé alájà mẹ́rin fún àwọn oníṣòwò inú ìlú, á to òkúta òkun, á tẹ́ pákó sáàárín ẹsẹ̀ òkúta kan àti èkejì kí ògiri má baà sán, títí wọ́n á fi gbé fèrèsé onígi fífín kọ́ ara rẹ̀, irú èyí tó yọ síta bí ikùn aboyún, tí obìnrin lè jókòó sí kó máa wo ìgboro kí ìgboro má rí i. Ó ní òun kọ́ ọ̀kan tó ga débi pé wọ́n kìlọ̀ fún onílé kó má ṣí fèrèsé òkè pátápátá nígbà tí wọ́n bá ń wá oṣù Ràmàdáànì, kó má baà fi lu oṣù. Tó bá ti parọ́ yìí tán, á wọ inú páànù, á na ẹ̀yìn sórí ẹní. Àlàájà máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Gbogbo ẹni tó ti nílé tẹ́lẹ̀ ni ọkọ mi kọ́lé fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ dìde lọ́jọ́ tí Ámù Sálíhù fún un nílẹ̀. Ámù Sálíhù yìí, darandaran Lárúbáwá ni, ó ní kànga kan ní Àbídíyà lójú ọ̀nà Àráfà, lẹ́yìn Mẹ́kà. Kànga náà wó, Bàbá bá a fi òkúta tún inú rẹ̀ tò. Ámù Sálíhù ní, "Kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ kànga yìí, kí o máa bá mi ṣọ́ ọ." Ewúrẹ́ àti igi ẹlẹ́gùn-ún nìkan ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Bàbá kó èmi àti Àlàájà sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ti ra ilẹ̀kùn kan láti ara ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó ní Jẹ́dà, torí àwọn olówó ti ń sá lọ sílé simẹ́ńtì. Orí ilẹ̀kùn náà ló jókòó sí títí a fi kọjá Báhúrà tó wà láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà, bí ọba lórí ìtẹ́. Àlàájà ní kó sọ̀ kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Mo ti ń gbé nínú ilé mi."

Òkúta Mẹ́kà dúdú, ó le, orí òkè ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. Bàbá ṣì ń lá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní iyọ̀ kankan. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ọwọ́ mi láti èjìká dé ọmọ ìka. Ó tẹ́ pákó sáàárín òkúta bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Jẹ́dà, òkúta òkè kò sì nílò rẹ̀. Gbọ̀ngán kan wà láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, bí ilé àwọn èèyàn wa. Ògiri Mẹ́kà, igi Jẹ́dà, gbọ̀ngán Ìlọrin. Tàbí ti Ìwó.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe, kó tó to òkúta kan lé èkejì, ni pé ó jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó dúró títí oòrùn fi yọ, ó kọjú sí i, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀. "Ibí ni." Ibẹ̀ ló kọ́ mírábù sí, ihò inú ògiri tí ẹni tó ń ṣíwájú ìrun máa ń dúró sí. Ibi tó lágbára jù nínú ilé nìyẹn, ara rẹ̀ ló sì ti wọn gbogbo ìyókù. Ẹnu ọ̀nà wá bọ́ sí ògiri tó dojú kọ ọ́, níhà títì.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ó pẹ́ kó tó yé èmi náà. Nílé wa lọ́hùn-ún, ìlà-oòrùn ni Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun. Nígbà tí Bàbá dé Jẹ́dà, ìlà-oòrùn náà ni, torí Mẹ́kà wà níwájú Jẹ́dà lápá ibẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, oòrùn àti Káábà jọ ń gbé ojú kan náà ni. Ṣùgbọ́n Àbídíyà ti kọjá Mẹ́kà. A ti gba ẹ̀gbẹ́ Káábà kọjá, a ti fi í sẹ́yìn. Bàbá yí Káábà po ní mọ́sáláṣí ńlá rí o, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tó délé, ojú oòrùn ló wò.

A ti ń kírun níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí Ámù Sálíhù tó wá kí wa kú ilé tuntun. Àkókò Àláásárì tó. Bàbá wọnú mírábù, a tò sẹ́yìn rẹ̀, ó kábárà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Ni mo bá gbọ́ kábárà mìíràn lẹ́yìn mi. Mo fi igun ojú wò, Ọlọ́run má bínú sí mi, mo rí Ámù Sálíhù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tó kẹ̀yìn sí wa. Kò sí ẹni tó lè já ìrun. Bí Bàbá ṣe ń forí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún ni Ámù Sálíhù ń forí kanlẹ̀ níbí, ìdí kọ ìdí. Àwọn méjèèjì ṣe sálámà ìparí ìrun lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yíjú padà, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin.

"Yáá Hájì," Ámù Sálíhù wí jẹ́jẹ́, "ta lò ń kí níbẹ̀ yẹn?"

"Káábà ni."

"Káábà wà lẹ́yìn rẹ."

Bàbá wo mírábù. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún wo mírábù. Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

Ìdàrúdàpọ̀ tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fẹnu sọ. A wá ń kírun kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ ń wọlé bá wa, ó ń fi imú ti fìlà Bàbá bó bá ti forí kanlẹ̀. Èmi, bí mo bá ti ń tòògbé, mírábù ni mo tún ń yí sí. Àlàájà kó àlùbọ́sà sínú mírábù náà, ó ní kí ibẹ̀ kúkú wúlò fún nǹkan. Àwọn tó ń wá pọn omi nínú kànga ń bi wá láti ìta pé, ṣé ẹnu la fi ń jẹun nínú ilé yìí, àbí ẹ̀yìn orí? Orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ilé náà, Ilé Ayíbìrí.

Bàbá lọ bá àlùfáà tó ń kọ́ àwọn èèyàn wa ní kéwú nínú Mẹ́kà. Èmi ni mo tẹ̀ lé e.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àlàájì," àlùfáà wí. "Ẹni tó wádìí, tó sì ṣìnà, Ọlọ́run gba ìrun rẹ̀. Ṣé ẹ wádìí?"

Bàbá lè parọ́, ẹ̀bùn rẹ̀ ni. Ó ní, "Mo wo oòrùn."

"Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni n bá bi? Èmi ni mo ń kọ́lé fún gbogbo wọn."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń san ìrun náà padà, ìrun kan lé òmíràn. Kò lá òkúta mọ́. Ó kàn ń jókòó sí ìdí kànga, ó ń wo ilé.

Àwọn awakọ̀ akẹ́rù gbé ìròyìn dé Báhúrà, láti Báhúrà ó dé Jẹ́dà, ó sì kan bàbá mi, Múnírù, ọmọ Bàbá kan ṣoṣo, tó ń da simẹ́ńtì fún kọngílá kan níbẹ̀. Ó dé tìbínútìbínú. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ nílé tíì! Wọ́n ní bàbá mi rìn láti Nàìjíríà wá kẹ̀yìn sí Káábà."

"Wọn ò parọ́."

"Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ àti géńdé mẹ́fà. A ó wó o palẹ̀. Ẹ ó padà sí Kàràntínà lọ́dọ̀ mi."

"Múnírù, ilé yìí nìkan ni mo kọ́ fún ara mi."

"Ó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run!"

"Ọlọ́run? Káábà ni wọ́n sọ fún èmi. Ṣé o ti tún rí òmíràn ni?"

Bàbá mi yíjú sí Àlàájà pé kó bá òun dá sí i. Àlàájà ń bó àlùbọ́sà. Kò gbójú sókè. "Kó wó o," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí kí àwọn apọnmi máa fi mí rẹ́rìn-ín." Mo rò pé Bàbá máa bínú sí i. Ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni. "Àlàájà, ìwọ náà?" Bàbá mi jáde lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró òòlù ló jí mi. Bàbá ti kó àlùbọ́sà kúrò nínú mírábù, ó ń gbẹ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ògiri lókè orí rẹ̀. Ó ti igi gbọọrọ kan bọ̀ ọ́, bí àtẹ́rígbà tí wọ́n ń fi sókè ẹnu ọ̀nà, ó sì fi òpó gbé e ró. Àlàájà yọjú.

"Kí lẹ tún ń ṣe?"

"Mò ń bẹ ilé ni."

"Ó ń dá yín lóhùn?"

"Kò tíì dáhùn. Àwa méjèèjì là ń jà."

Èmi àti Bàbá gbé òpó, a ru òkúta, ó ń fi èédú sàmì sí èyí tó bá yọ. Ìbẹ̀rù bà mí. Ògiri tó gbé gbogbo ilé dúró ló ń gbẹ́ yìí. Bí àtẹ́rígbà bá yẹ̀, òrùlé á wá sílẹ̀, bàbá mi ò sì ní rí nǹkan kan wó mọ́. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Rárá. Gbé òpó yẹn sún mọ́ mi."

Sátidé pé. Ọkọ̀ dé, géńdé mẹ́fà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irin gígùn tí wọ́n fi ń wólé. Bàbá wà nínú mírábù, eruku ti sọ ọ́ di funfun, ó ku ẹsẹ̀ òkúta kan ṣoṣo láàárín òun àti ìta. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo.

"Bàbá, ẹ jáde! Ó máa wó lé yín lórí!"

"Tó bá wó, mo ti bá ọ ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kí lo tún ń bínú sí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ o."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu bàbá mi. Bàbá gbé òòlù. Ó lù ú. Òkúta ìkẹyìn bọ́ síta, igi òrùlé han bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ níkùn, eruku sì bo gbogbo gbọ̀ngán. Nígbà tó rọ̀, kò sí Bàbá nínú mírábù. Àlàájà ké orúkọ rẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an tí n kò gbọ́ rí, a sì sáré yí ilé po.

Ẹ̀yìn ilé la bá a. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọn fìlà. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ibi tí mírábù wà, ihò gígùn kan ṣí sílẹ̀ tó bàbàrà, àtẹ́rígbà rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ó wo àwọn géńdé. "Ẹ̀yin tí ẹ wá ṣiṣẹ́," ló wí, "ẹ bá mi gbé ilẹ̀kùn wá síbí. Múnírù, bọ́ aṣọ rẹ."

Wọ́n tú ilẹ̀kùn Jẹ́dà kúrò níwájú, wọ́n gbé e yí ilé ká, wọ́n fi í sí ojú ihò tuntun. Bàbá mi, ọkùnrin simẹ́ńtì, kó àwọn òkúta tí Bàbá yọ, ó tò wọ́n dí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ láti ìta, ní títẹ̀lé àmì èédú. Nítorí pé ògiri nípọn, bí wọ́n ṣe dí ìta nìkan, inú ṣẹ́ kù ní ihò, mírábù tuntun. Bàbá dúró sínú ihò náà, ó fi èjìká wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó lá òkúta ìsàlẹ̀. Àlàájà bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èwo ni kí n bá a ṣe.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, a tò sẹ́yìn rẹ̀ fún Màgàríbì, bàbá mi, àwọn géńdé, gbogbo wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn nínú ilé ara rẹ̀ láìsí ewúrẹ́ níwájú rẹ̀. Ó ń ka Fátíà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri ní ọ̀kánkán imú rẹ̀. Gbà! Gbà! Gbà!

"Yáá Hájì!" Ohùn Ámù Sálíhù ni, láti ojú títì. "Yáá Hájì! Ilẹ̀kùn dà?"

Bàbá ń kírun lọ. Ámù Sálíhù ń lu ògiri lọ. A forí kanlẹ̀, ó ń lù ú. A jókòó, ó ń pe Ọlọ́run pé kí ni wọ́n ṣe sílé yìí. Mo gbọ́ tí Àlàájà ń pa ẹ̀rín mọ́ra lẹ́yìn wa, mo mọ̀ pé ìrun tirẹ̀ ti bàjẹ́. Bàbá kò kánjú. Ó ṣe sálámà sí ọ̀tún, ó ṣe é sí òsì, ó wá fi ẹnu sún mọ́ òkúta.

"Yí ilé ká," ló wí. "Èmi náà yí i ká kí n tó rí ọ̀nà."